Áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ìfiwéra ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ lè gbà rà á, iye tó máa ná yín, àti ibi tí ààbò wà nínú rẹ̀

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá fẹ́ kó ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sórí fóònù sábà máa ń gba bílì lọ́wọ́ oríṣi èèyàn mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni adáṣẹ́ṣe, ọ̀dọ́ tó mọ kóòdù kọ tó sì ń dá ṣiṣẹ́. Ìkejì ni ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́, tó ń kọ áàpù fún oníbàárà. Ìkẹta ni àwọn tó ti kọ tiwọn sílẹ̀, tí ẹ ó kàn máa san owó oṣooṣù kí ẹ lè máa lò ó; áàpù àyálò ni mo máa pe tiwọn. Bílì adáṣẹ́ṣe ló máa ń kéré jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún nípàdé. Ohun tí kò sí nínú bílì náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Tí kò bá sí ìlà kan níbẹ̀ tó dárúkọ ààbò, tó sì kọ iye owó síwájú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa wá san owó yẹn nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN, NIN, àdírẹ́sì ilé, iye tí oníkálukú ti fi pamọ́, ẹni tó yáwó àti àwọn tó ṣe onídùúró fún un. Gbájúẹ̀ tó bá rí èyí kó lè pe ìyá àgbàlagbà kan lórí fóònù, kó dárúkọ onídùúró wọn, kó sọ iye ẹ̀yáwó tó kù lọ́rùn wọn láìyọ kọ́bọ̀ kan. Kí ni màmá ò ní gbà pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀ sí?

Owó ọjọ́ òní àti owó ọdún mẹ́ta

Ẹ má fi bílì wé bílì lásán. Áàpù kì í ṣe àga tí èèyàn rà tán tó gbé sílé. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà lọ́wọ́ yín láàárín ọdún mẹ́ta ni kí ẹ fi wéra.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí áàpù ń gbé lórí rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò, torí dọ́là ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń háyà rẹ̀ fúnni ń gbà. Kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ká ní ẹgbẹ́ kan kọ sáfà $60 lóṣù sínú ètò ìnáwó rẹ̀ bíi ₦28,000, ₦90,000 ni yóò bá ara rẹ̀ tó ń san, láìfi nǹkan kan kún sáfà. Ẹni tó bá kọ bílì sáfà fún yín ní náírà, ẹ bi í léèrè ẹni tó máa ru àfikún bí dọ́là bá tún gòkè, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.

Lẹ́yìn náà ni owó ìtọ́jú, tí ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ rárá. Kì í ṣe kóòdù tí ẹni yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ló wà nínú áàpù. Kóòdù àwọn ẹlòmíràn tó gbà lọ́fẹ̀ẹ́ látorí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú rẹ̀, ihò, ìyẹn àṣìṣe tí olè lè gbà wọlé, a sì máa yọ nínú wọn látìgbàdégbà. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà wọ Equifax, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017. Oṣù kẹta ni àtúnṣe ihò náà jáde, wọn kò fi í sórí sáfà tó nílò rẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn olè wọlé, wọ́n sì kó dátà àwọn èèyàn bíi mílíọ̀nù 147. Ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn o, tó ní ẹ̀ka ààbò tirẹ̀.

Èmi a máa gba àwọn ẹgbẹ́ níyànjú pé kí wọ́n ya ìdá kan nínú márùn-ún owó tí wọ́n fi kọ áàpù sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò. Ká ní ilé iṣẹ́ kan gba ₦4 mílíọ̀nù láti kọ ọ́. Ìtọ́jú ọdún mẹ́ta jẹ́ ₦2.4 mílíọ̀nù; sáfà ₦90,000 lóṣù fún oṣù 36 jẹ́ ₦3.24 mílíọ̀nù. Gbogbo rẹ̀ di ₦9.64 mílíọ̀nù. Ká wá ní áàpù àyálò ń gba ₦150 lórí ọmọ ẹgbẹ́ kan lóṣù. Ẹgbẹ́ tó ní èèyàn 400 máa san ₦2.16 mílíọ̀nù lọ́dún mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó ní 2,000 máa san ₦10.8 mílíọ̀nù. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò tèmi, ẹ ó rí ibi tí òṣùwọ̀n ti ń yí padà.

Ta ni òfin máa mú?

Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹgbẹ́ tó gba dátà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, tó sì pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe, ni òfin yìí kọ́kọ́ ń wò lójú, kì í ṣe ẹni tó kọ áàpù. Bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tó sì lè kó àwọn tó ni ín sí wàhálà, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà, létí láàárín wákàtí 72 tí ẹ bá ti mọ̀. Fún àwọn tí òfin kà sí ẹni ńlá, owó ìtanràn lè tó ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fún àwọn yòókù, ₦2 mílíọ̀nù ló bẹ́ẹ̀, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kan náà.

Òfin yìí náà fẹ́ kí ìwé àdéhùn wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń bá yín tọ́jú dátà. Áàpù àyálò sábà máa ń gbé ìwé tirẹ̀ wá. Ẹ kà á dáadáa, pàápàá ibi tó ti sọ bí wọ́n ṣe máa tètè pè yín tí olè bá wọlé. Láàárín wákàtí 24 ni mo máa ń fẹ́ kó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú ilé iṣẹ́, ẹ lè dúnàádúrà lórí rẹ̀. Pẹ̀lú adáṣẹ́ṣe, ẹ̀yin lẹ máa kọ ìwé náà, torí lọ́pọ̀ ìgbà kò ní ọ̀kankan.

Tí ẹni tó kọ ọ́ bá lọ ńkọ́?

| | Adáṣẹ́ṣe | Ilé iṣẹ́ | Áàpù àyálò |
|---|---|---|---|
| Kóòdù | Tiyín ni, bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀ | Tiyín ni, bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀ | Tiwọn ni |
| Àtúnṣe ihò | Ìgbà tó bá ráyè | Ẹ sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀ | Ó wà nínú owó oṣooṣù |
| Àyípadà tí ẹ bá fẹ́ | Ó yá | Ó yá díẹ̀, ó wọ́n | Ó lè má ṣeé ṣe |
| Tí ẹni tó kọ ọ́ bá lọ tàbí tó kógbá sílé | Ẹ wá ẹlòmíràn tó lè ka kóòdù rẹ̀ | Òṣìṣẹ́ mìíràn á gbà á | Ẹ kó dátà yín jáde kí wọ́n tó tìlẹ̀kùn |

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ yìí ló ń jápa, mi ò sì bá wọn wí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ ló fi ra orúkọ ìkànnì yín, tó jẹ́ káàdì rẹ̀ ló ń san owó sáfà, tó sì jẹ́ fóònù rẹ̀ ni nọ́ńbà ìjẹ́rìí ń wọ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹgbẹ́ ti bá a dé Kánádà. Àtọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti lo ímeèlì ẹgbẹ́ fún gbogbo rẹ̀, kí akápò àti akọ̀wé ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí wọ́n sì fún adáṣẹ́ṣe ní àyè tirẹ̀ tí wọ́n lè gbà padà nígbàkigbà. Àwọn ilé iṣẹ́ náà lè fi orúkọ tiwọn ra nǹkan wọ̀nyí. Ẹ má rò pé orúkọ ńlá ti yanjú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn aláàpù àyálò, ohun tí ẹ máa béèrè ni pé kí wọ́n kó gbogbo pásíbúùkù àti ẹ̀yáwó jáde fún yín sínú fáìlì tí Excel lè ṣí. Kí wọ́n ṣe é lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ìdánwò tí ẹ lè ṣe láìmọ kóòdù

Ẹ gba áàpù tí wọ́n fi ń polówó. Kí akápò àti akọ̀wé ṣí àkáǹtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Kí akápò wọlé lórí kọ̀ǹpútà, kó ṣí pásíbúùkù tirẹ̀, kó wá wo àdírẹ́sì ojú ewé náà lókè. Bó bá rí nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀, bóyá 1042, kó pa á rẹ́, kó fi ti akọ̀wé, 1043, sí i, kó tẹ bọ́tìnì. Bí owó akọ̀wé bá yọ lójú akápò, ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ máa lọ. Ó túmọ̀ sí pé áàpù ń béèrè bóyá èèyàn ti wọlé, kò béèrè bóyá ohun tó fẹ́ wò jẹ́ tirẹ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé irú rẹ̀ ni OWASP, àjọ tó ń to àwọn ihò inú áàpù lẹ́sẹẹsẹ, fi ṣe nọ́ńbà kìíní nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 2021.

Ìkejì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ pé ẹ ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá fi pásíwọ́ọ̀dù yín àtijọ́ gan-an ránṣẹ́ padà, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe rí ni, olè tó bá wọlé sì máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Áàpù gidi kò mọ pásíwọ́ọ̀dù yín. Ọ̀nà láti dá tuntun ló máa fún yín.

Ẹ tún béèrè ibi tí nọ́ńbà káàdì ATM ọmọ ẹgbẹ́ ń wọ̀. Ojú ewé Paystack, Flutterwave tàbí irú wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló yẹ kó ti tẹ̀ ẹ́, kó má kan sáfà yín rárá. Adáṣẹ́ṣe tó bá ní òun lè tọ́jú rẹ̀ fún yín kí owó lè dín kù ń ra ẹjọ́ fún yín ni.

Àwọn ìdánwò wọ̀nyí kò rọ́pò ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó kọ áàpù ni kó gbìyànjú láti fọ́ ọ, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó sì padà wá lẹ́yìn àtúnṣe láti wò ó bóyá ihò ti dí. Ìpadàwá yẹn ni kó wà nínú iye tí ẹ bá bá a sọ. Tí ẹ bá gba adáṣẹ́ṣe tàbí ilé iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni náà kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Àyálò yẹ kó ti ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n fi déètì àti àkótán èsì hàn yín.

Sísan owó

Àpapọ̀ owó kan fún gbogbo iṣẹ́ máa ń fọkàn ìgbìmọ̀ balẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí owó bá ti ń há ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́, ohun tí ojú yín ò rí ló máa dín kù, ààbò ni ojú yín ò sì rí. Sísan owó lóṣooṣù títí iṣẹ́ fi parí ò há a mọ́, àmọ́ àpò ẹgbẹ́ lè gbẹ kí áàpù tó dìde. Sísan án nípele ni mo fara mọ́: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, tí ìwé náà sì sọ ẹni tó lè rí kí ni nínú áàpù, 25 nígbà tí ìfowópamọ́ bá ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ àtọwọ́dá, kì í ṣe ti ọmọ ẹgbẹ́ gidi, 20 nígbà tí ẹ̀yáwó bá parí, 20 nígbà tí ẹni ìta bá jẹ́rìí pé àwọn ihò ti dí, 15 tó kù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń lò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ẹ̀dà ìpamọ́ gbé gbogbo àkọsílẹ̀ dìde lórí sáfà òfìfo níṣojú yín.

Ẹ tọ́jú ìdá 15 míràn sí àpò ẹgbẹ́ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, kí ẹni tó gba iṣẹ́ má mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ máa fọwọ́ sí àfikún, ní kíkọ sílẹ̀. Alága tó ń fi WhatsApp sọ "ẹ bá wa fi ọjọ́ ìbí kún un" ti fi dátà mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ kún un.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹgbẹ́ tí èèyàn rẹ̀ kò tó 500, tí òfin rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ yòókù, áàpù àyálò ni mo máa mú fún wọn láìronú lẹ́ẹ̀mejì, bó bá yege nínú ìdánwò òkè wọ̀nyí. Ẹgbẹ́ ńlá tó ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, tí ọ̀nà tó ń gbà yá èèyàn lówó sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan, lè lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Adáṣẹ́ṣe dáa fún ìkànnì tí ẹ fi ń kéde ìpàdé àti ìsìnkú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kó kọ èyí tó ń gbé owó, kí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn tó mọ kóòdù ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kí owó ẹni yẹn náà sì wà nínú bílì kí ẹ tó gbé e lọ sípàdé.