Oṣù mẹ́jọ tí mo ti fi aspirateur aláìlápò gbá àtẹ̀líyé mi ní Kétu

Aránṣọ ni mí, Kétu ní Benin níbí ni àtẹ̀líyé mi wà, ẹni tó bá sì ti gbé Kétu rí mọ irú ilẹ̀ tá a ní. Ilẹ̀ pupa ni. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, eruku pupa yẹn á máa wọlé látàárọ̀ dalẹ́, o ti fèrèsé o ò tì í, ó ń bọ̀ náà ni, sẹ́míjàn (ọ̀kadà) kan ṣoṣo tó bá sáré kọjá níwájú ilé ti tó o. Ẹ wá lọ gbé léèsì funfun oníbàárà sórí tábìlì kẹ́ ẹ máa fi ọwọ̀ gbálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Eruku tó wà nílẹ̀ ò kúrò nínú ilé, ńṣe ló gbéra nílẹ̀ tó lọ bà sórí aṣọ. Lọ́yẹ̀ẹ́ èṣí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ léèsì ìyàwó kan kó tó wá gbé e, ó dùn mí gan-an torí ọwọ́ mi ò ní àbùkù, eruku ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá aspirateur nìyẹn, ẹ̀rọ agbálẹ̀ tó ń fa eruku, èyí tí àwọn ará wa ní òdì-kejì bọ́dà ń pè ní vacuum. Mo rí ọ̀kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lápá Ouando, nínú bútíìkì ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀. Ó ní 55.000 CFA, a nà án lọ nà án bọ̀, mo san 38.000. Irú èyí tó ń dúró gbọọrọ ni, tó ní ọwọ́ lókè tẹ́ ẹ máa fi tì í síwájú tẹ́ ẹ máa fi fà á sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn bí ajá. Kò ní àpò nínú rárá. Ike kan tó mọ́ gaara ló wà níwájú ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ìdọ̀tí ń lọ, ẹ sì ń rí i bó ṣe ń yí.

Ọ̀rọ̀ àpò yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ irú èyí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Kútọnu ní alápò, mo ti lò ó nílé ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àpò tuntun sí i, ó ń fà dáadáa, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé ara àpò yẹn náà ló gbọ́dọ̀ gbà jáde, bí eruku bá sì ṣe ń dí ojú àpò, bẹ́ẹ̀ lagbára ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, kó tó kún dé ìdajì ẹ ti ń ti ẹ̀rọ lórí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àti pé níbo ni mo ti fẹ́ máa rí àpò rà ní Kétu?

Aláìlápò ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ike, kì í wọlé tààrà, ìyẹn ló jẹ́ kó máa yí bíríbírí nínú ẹ̀ bí ààjà tó gbé ewé lójú àgbàlá. Ẹ rántí tẹ́ ẹ bá wà nínú táksì tó ń lọ Pobè tí dẹ́rẹ́bà ya kọ́nà láìrọra, bẹ́ ẹ ṣe máa tẹ̀ lu ara ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà leruku ń ṣe, nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, yíyí yẹn á sọ ọ́ lu ògiri ike, á yọ́ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù á wá gba àárín jáde lókè. Ìdọ̀tí ò sí lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń fà nígbà tí ike fẹ́ẹ̀ kún bó ṣe ń fà nígbà tó ṣófo, mo ti fi ojú ara mi rí i, kì í ṣe ohun tí ọlọ́jà sọ fún mi.

Ilé ìlagi ni wọ́n ti ń lo irú ààjà yẹn tipẹ́ láti fi yọ lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, James Dyson, ló wò ó pé kí òun sọ ọ́ di kékeré sínú ẹ̀rọ agbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1978, ó sì ṣe 5.127 kó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Èmi tí mo bá tú apá aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta inú á ti máa bí mi. Wọ́n tà á nílẹ̀ Jàpáánì ní 1986, ó di 1993 kó tó gbé èyí tó jẹ́ tilé iṣẹ́ tiẹ̀ jáde. Tèmi kì í ṣe tiẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ẹ̀.

Ó dáa, báwo ló ṣe ṣe lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ti í lórí kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníbàárà máa ń dúró lé tí mo bá ń wọn aṣọ fún wọn, kápẹ́ẹ̀tì tí ọmọọṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán o, ike yẹn kún dé ààmì. Eruku pupa kúnná bí èlùbọ́, pẹ̀lú èérún aṣọ, òwú, irun. Gbogbo wa dúró à ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn mi ò gbọ́ ẹjọ́ léèsì mọ́.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ aránṣọ bíi tèmi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òwú máa ń wé mọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí nísàlẹ̀, á wé á wé títí búrọ́ọ̀ṣì ò ní lè yí mọ́. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń dojú ẹ̀ délẹ̀ tí mo ń fi irin tá a fi ń túṣọ já gbogbo ẹ̀ kúrò (ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́). Èkejì ni abẹ́rẹ́ olórí tá a fi ń há aṣọ. Nínú oṣù kẹta, ẹ̀rọ mi ṣàdédé dẹ́kun fífà, ó ń ké gan-an kò mú nǹkan kan, mo ti múra láti gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Kí n tó lọ mo tú họ́ọ̀sì ẹ̀yìn, mo ki wáyà tí mo nà láti ara hángà bọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ kan ló ha síbẹ̀, òwú wá rọ̀ mọ́ ọn lára, ó di odindi bọ́ọ̀lù. Ní báyìí àwọn ọmọ mi ń kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára ẹ̀ jù ni dída ike nù. Ibi tí alápò ti dáa jù ú lọ nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìdí ike, eruku tó kúnná yẹn á tú gbọ̀ọ̀, tí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ yín ẹ ti jẹ ẹ́. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ki odindi ike bọ inú nílọ́ọ̀nù ńlá, màá di ẹnu nílọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn, màá tó wá ṣí i, màá sì ní sùúrù díẹ̀ kó fi balẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ mi ní ikọ́ fée, òun ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Fílítà náà wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé aláìlápò ò ní fílítà. Ààjà ò lè mú eruku tó kéré jù lọ, ẹyọ kan tó dà bíi tìmùtìmù wà ṣáájú ẹ́ńjìnnì tó ń gba ìyẹn, òmíràn tí wọ́n ń pè ní HEPA, fílítà tó ń mú eruku tó kúnná gan-an, wà lẹ́yìn. HEPA gidi, nínú ẹgbàárùn-ún eruku tó jẹ́ 0,3 míkírọ́ọ̀nù (míkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), mẹ́ta péré ló lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó dà bíi tìmùtìmù yẹn ni mò ń fọ̀ lóṣooṣù, omi lásán, kò sọ́ṣẹ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ kanrinkanrin, ó kéré tán wákàtí 24. Lásìkò ọyẹ́ ó rọrùn, lásìkò òjò ó tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fi í síbẹ̀ ní tútù, ẹ̀rọ á máa rùn, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì lè bàjẹ́.

Ti kúràn ńkọ́? Tèmi 700 wáàtì ni, 220 vóòtì, ó bá tiwa mu. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà, 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná wa ó parí nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáàtì ńlá tàn yín, wáàtì iye iná tó ń jẹ ni, kì í ṣe iye tó ń fà. Ní Yúróòpù, láti oṣù kẹsàn-án 2017 ni òfin wọn ti sọ pé èyí tí wọ́n bá ń tà kò gbọ́dọ̀ ju 900 wáàtì lọ, ilé wọn ò sì dọ̀tí. Gúrúpù (jẹnẹrétọ̀) kékeré tó wà lẹ́yìn àtẹ̀líyé mi ò lè gbé e o, ó ń kú tí mo bá ti tan án.

Ó wúwo. Èèyàn tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílé, kó lọ wá irú mìíràn, tèmi ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Ariwo ẹ̀ náà pọ̀, tí mo bá tan án mi ò gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ.

Ìyá mi ló ní kí n má tan án lálẹ́. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í gbálẹ̀ lálẹ́ nílé wa, wọ́n ní owó lèèyàn ń gbá dànù. Mo ní, "Màámi, kì í ṣe ọwọ̀ o, kò gbá nǹkan kan síta, inú ike ló kó gbogbo ẹ̀ sí." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Tó o bá wá jí lọ́la, ta ló ń da ike ọ̀hún nù?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kóòrùn tó wọ̀ ni mò ń lò ó báyìí.

Ìṣòro tó kù ni bẹ́líìtì, rọ́bà tó ń yí búrọ́ọ̀ṣì. Ó já nínú oṣù kẹfà. Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi, ó ní "Màmá, ó ń bọ̀ lọ́la," ọ̀la yẹn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń fi ọwọ̀ gbálẹ̀ padà, ara mi ò sì balẹ̀ lọ́jọ́ kankan nínú ẹ̀. Ìgbà tó yá mo fúnra mi wọ táksì lọ Àjàṣẹ́ pẹ̀lú èyí tó já lọ́wọ́, mo ń fi wé èyí tí mo bá rí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, títí mo fi rí ẹni tó ní irú ẹ̀, 1.500 CFA ẹyọ kan. Mẹ́rin ni mo rà. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ, mẹ́ta wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì mi.