MRI ẹ̀dọ̀fóró tí a ṣe fún ọmọ mi l'Adó-Èkìtì: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ gbọ́ tìyókù

Ẹ kú ilé o. Àwọn ìyá kan ti ń bi mí pé báwo ni MRI ẹ̀dọ̀fóró (àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ òòfà ya àwòrán inú ara) tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi ọkùnrin ṣe lọ, torí ẹni tó bá ti gbọ́ MRI, ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn ló máa ń sọ sí i lọ́kàn, kò mọ̀ pé wọ́n lè fi wo ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé. Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan nínú Adó níbí la ti ṣe é. Kí n tètè sọ ọ́: àyẹ̀wò yẹn tó owó tí a san, bọ̀dá tó ṣe é fún wa mọṣẹ́ dójú àmì, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú, àwọn tó ń gbowó tí wọ́n ń fúnni lésì, wọ́n níláti tún ìwà wọn ṣe.

Cystic fibrosis ló ń ṣe ọmọ mi. Àìsàn ìdílé ni, bàbá àti ìyá ló máa jọ fún ọmọ ní jíìnì CFTR tó bàjẹ́ kí ó tó lè mú un, àwọn òbí yẹn fúnra wọn lè máà ní ìṣòro kankan. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki nínú ẹ̀dọ̀fóró, á lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà èémí, kòkòrò àrùn á wá sọ ibẹ̀ di ilé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń dí pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, tí oúnjẹ ò fi ní dà dáadáa nínú ọmọ. Òógùn wọn máa ń níyọ̀ gan-an, òógùn yẹn náà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, bí chloride inú ẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú ohun tó para pọ̀ di iyọ̀, bá ti tó 60 mmol/L tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fura sí i gidi. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa dúdú bíi ti òyìnbó, ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ máa wúkọ́ títí, ẹni kan á ní TB ni, ẹlòmíì á ní asíímà ni, àwọn ará àdúgbò á ní ìyá ẹ̀ ni kì í fún un lóúnjẹ. Nílé wa l'Èkìtì níbí! Iyán ń wọlé, ọbẹ̀ ń wọlé, ọmọ ò sanra.

Ìdí tí dókítà wa fi ní ká ṣe MRI nìyí. CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara ní ìpele-ìpele, ló ń fi inú ẹ̀dọ̀fóró hàn jù, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n CT ní rediéṣọ̀n, ìtànṣán tó lè ṣèpalára tó bá pọ̀ jù, ọmọ tó ní àìsàn yìí sì jẹ́ ẹni tí wọ́n á máa yẹ̀ wò léraléra títí tó fi máa dàgbà, gbogbo ẹ̀ á wá máa kóra jọ sí i lára. MRI ò ní rediéṣọ̀n bẹ́ẹ̀ rárá, òòfà ńlá ló ń lò. X-ray lásán kì í tètè rí àwọn nǹkan kéékèèké, àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ní kí ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ náà, ọmọ tí ò tíì tó ọdún márùn-ún mélòó ló lè ṣe é dáadáa, àti pé apá kan ẹ̀dọ̀fóró lè ti máa bàjẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀ ṣì máa dáa. MRI á fi ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí pa hàn, á fi ibi tí ògiri ọ̀nà èémí ti nípọn hàn.

Kò rọrùn láti ṣe o. Omi ara ni MRI fi ń ríran, ẹ̀dọ̀fóró sì kún fún afẹ́fẹ́, àyà tún ń lọ sókè sódò, ọkàn ń lù. Àwọn onímọ̀ ti wá ọgbọ́n sí i, ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní UTE, tó máa ń tètè gba àwòrán kó tó pòórá. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n tún ń jẹ́ kí ọmọ fa gáàsì xenon símú kí wọ́n lè rí ibi tí atẹ́gùn ò dé, Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní December 2022 fún ẹni ọdún méjìlá sókè. Èyíinì ò sí níbi tí a lọ, èyí tí ò lo gáàsì ni wọ́n ṣe fún wa.

Ẹ wá gbọ́ nípa bọ̀dá yẹn. Kó tó di pé ọmọ wọ inú ẹ̀rọ, ó jókòó tì í, ó ní, "Ọkọ mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ṣeré," ó ní kó fa èémí, kó dá a dúró, kó mí, wọ́n ń ṣe é títí ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kó wúkọ́ dáadáa, kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dànù. Ó tú àpò ẹ̀ wò fún owó ẹyọ, ó bọ́ bẹ́líìtì ẹ̀, ó yẹ̀ mí náà wò, mo bọ́ yẹtí, lẹ́yìn ìyẹn ló gbà kí n wọlé tì í. Ó fi nǹkan bò wá létí, ó fi rọ́bà kan sọ́wọ́ ọmọ pé tí ẹ̀rù bá bà á kó fún un, òun á dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ yẹn ń ró gbàgbàgbà bí ilé alágbẹ̀dẹ, ohùn bọ̀dá ń wọlé láàárín ẹ̀ pé "fa á sínú, dì í mú, ó ti tó, mí." Ikọ́ gba ọmọ lẹ́nu ẹ̀, ó bà á jẹ́, bọ̀dá ò kanra, ó ní kó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí oògùn oorun kankan, ọmọ mi ti tó ọmọ tó lè gbọ́ àṣẹ, àwọn tó kéré gan-an ni wọ́n lè nílò ẹ̀.

Ibi tó dùn mí wàyí. Yàrá ìdúró wọn há, gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń sín, ẹni tó ń wúkọ́, wọ́n ní ká jókòó sáàárín wọn. Mo ṣàlàyé fún àǹtí tó wà níwájú pé àrùn kékeré tó bá ran ọmọ yìí lè dá a wó sí ọsibítù, ó ní "Mummy, gbogbo yín lẹ ń dúró," kò tilẹ̀ wojú mi. Ìta la dúró sí nínú oòrùn. Ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró ń dùn lẹ ní kó jókòó ti alárùn, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ yẹ̀ wò?

Èsì náà pẹ́, nígbà tó sì dé, ẹni tó kọ ọ́ kàn ní "ẹ̀dọ̀fóró ní àmì àìsàn" ni, kò sọ apá tó wà, kò fi wé CT tí a mú dání lọ. Dókítà wa ní kí wọ́n tún un kà, ìgbà yẹn ni wọ́n wá kọ ibi tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti dí sínú un, lókè lápá ọ̀tún, ibi tí mo ti wá ń fọwọ́ gbá àyà ẹ̀ jù báyìí kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè tú nìyẹn.

Owó ẹ̀ ju ti CT lọ, àpò ara wa la sì ti san án. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ kí èrò tó kún, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyà ọmọdé rí, kí ẹ sì mú CT àtijọ́ dání. Àwa máa padà síbẹ̀, bọ̀dá yẹn la sì máa béèrè.