Ìkìlọ̀: Ẹ fi téèpù wọn pánẹ́ẹ̀lì sólà kí ẹ tó sanwó

Télọ̀ ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi téèpù wọn èèyàn. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá tó ní yáàdì márùn-ún ni, mo máa wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀ kí n tó gbà á. Síbẹ̀, wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin wá sílé mi, mo sanwó, n ò wọn ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtifi sólà sílé, ẹ dúró gbọ́ tèmi ná.

Ẹ mọ bí owó bẹtiróòlù ṣe fò sókè látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Àgbègbè Challenge, n'Íbàdàn níbí, ni mo ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi ló wà nísàlẹ̀, àwa la wà lókè. Jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè tán. Àwọn tí wọ́n kó sí Band A ń rí iná, wọ́n sì ń sanwó gọbọi lórí ẹ̀. Àwa tí a ò sí níbẹ̀, wáyà là ń wò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè owó sólà kiri nìyẹn.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo dé, wọ́n kọ ọ́ fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ: ínfátà 5kVA, bátìrì lithium kan, pánẹ́ẹ̀lì 550 wáátì mẹ́rin, wáyà, bíréékà, irin orí òrùlé, owó iṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹni tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì júwe fún mi. Ó wá, kò bèèrè ohun tí à ń lò nínú ilé, kò gun òrùlé wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́tàlélẹ́gbẹ̀rin náírà, kóńpúlẹ́ẹ̀tì. Á gbé áyọ́ọ̀nù, á gbé fíríìjì, á gbé ẹ̀yin pàápàá." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo sanwó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Kóńpúlẹ́ẹ̀tì" yẹn ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Tí wọ́n bá da gbogbo owó pọ̀ sójú kan, báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí wọ́n ti bù ú jẹ?

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣe é, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan ló dá gbé bátìrì náà léjìká. Ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú sétí, ó ń bá ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ rojọ́ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Mo tiẹ̀ yìn ín pé ọmọ náà lágbára. Èmi ò mọ̀ pé bátìrì lithium 51.2 fólítì, 100Ah, fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì. Ta ló ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì gun òkè tó ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ fóònù?

Ọ̀gá náà wá ti mítà bọ ẹnu wáyà pánẹ́ẹ̀lì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, fólítì 48. Ojúlówó ni." Mo wò ó, mo rí 48, mo gbà.

Oṣù Kejì ni, òòrùn ń ràn bí iná, nǹkan rọgbọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ínfátà ti ń ké. Mo pè é. Ó ní òjò ni. Òótọ́ ni pé òjò máa ń dín agbára sólà kù, ìyẹn ni mo fi gbà á gbọ́. Nígbà tí mo tún pè, ó ní áyọ́ọ̀nù mi ni. Nígbà kẹta, ó ní kí n fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà ra pánẹ́ẹ̀lì kún un. Èyí ló jẹ́ kí ara fu mí.

Mo lọ pe oníná mìíràn, ẹni tí kò tajà, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń ṣe. Ọ̀sán gangan ló dé, ojú ọ̀run mọ́. Ó fi mítà alẹ́nu gbá wáyà mú, ó ní ámpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, tó yẹ kó sún mọ́ 13, mẹ́sàn-án péré ló rí lórí pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Fólítì ẹ̀ ṣáà pé?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé iye sẹ́ẹ̀lì, àwọn ègé dúdú inú pánẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n so pọ̀ ló ń mú fólítì wá, nítorí náà fólítì pánẹ́ẹ̀lì 400 wáátì àtijọ́ àti ti 550 lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó ló ń mú ámpíà wá, àwọn méjèèjì ló sì ń para pọ̀ di wáátì. Mítà tí ọ̀gá yẹn fi hàn mí lọ́jọ́sí ò purọ́, àmọ́ ohun tí kò lè tú àṣírí ẹ̀ ló fi hàn mí.

Ó wá ní, "Bàbá, ẹ gbé téèpù yín wá."

Téèpù àwa télọ̀ kì í ju 60 ínńṣì lọ, ìgbà méjì ni mo fi nà án. Ínńṣì 79 ní òró, 39 àti ààbọ̀ ní ìbú. Ó ní 550 wáátì tó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń tó nǹkan bí 90 ní òró àti 44 àti ààbọ̀ ní ìbú. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣirò tó kọ́ mi, kò le: ibi tó fẹ̀ tó mítà kan (nǹkan bí ínńṣì 39) lóròó, mítà kan níbùú, lára pánẹ́ẹ̀lì tí à ń rà, díẹ̀ ló fi ń ju 200 wáátì lọ. Tèmi fẹ̀ tó méjì irú ẹ̀. Níbo ni 550 ti fẹ́ jáde? Ó fi èékánná họ etí sítíkà ẹ̀yìn ẹ̀, ó ṣí bí ìwé orí paali, gọ́ọ̀mù sítíkà àtijọ́ sì wà lábẹ́ ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì ò bá ti ẹ̀yìn mu rárá.

Réésà tí mo fi ń tú aṣọ ni mo fi ha wáyà. Ó pọ́n lójú, ó funfun nínú. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni, ó sì ti ń yọ́ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti so ó.

Ti bátìrì ló dùn mí jù. Ẹ má dán an wò fúnra yín o, lithium lè gbiná. Oníná yẹn ló tú u. Ojúlówó máa ń ní sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3.2 fólítì. Inú tèmi, sẹ́ẹ̀lì róbótó róbótó bí àtàǹpàkò ni, èyí tí wọ́n yọ lára bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká, ara àwọn mìíràn ti ń dípẹtà. Fóòmù ni wọ́n fi dí àyè tó ṣẹ́kù. Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún mi, ínfátà nìkan jẹ́ ojúlówó, torí orúkọ ara ẹ̀ ló mọ̀ pé màá wò.

Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn FCCPC tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, àmọ́ nígbà tí mo yọ rísíìtì wò, "sólà 5kVA kóńpúlẹ́ẹ̀tì" nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ bátìrì, kò sí wáátì pánẹ́ẹ̀lì, kò sí nọ́ńbà ara wọn. Kí ni mo fẹ́ fi rojọ́?

Torí náà, kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ fún yín, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, kí ẹ sì wò wọ́n lójúkojú kí wọ́n tó gun òrùlé. Ẹ gbé bátìrì lé òṣùwọ̀n. Tí ó bá fúyẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ di owó díẹ̀ mú títí di alẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Tí bátìrì bá ti kún, ẹ pa iná NEPA àti pánẹ́ẹ̀lì, ẹ wá ẹrù tó ń jẹ 1,000 wáátì láìdánu dúró, ẹ tàn án. Bátìrì 5kWh tuntun (51.2 fólítì, 100Ah yẹn náà ni) gbọ́dọ̀ gbé e ju wákàtí mẹ́rin lọ. Tèmi gbé e fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń bínú pé ẹ yọ téèpù, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo tún ń lò báyìí. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí òrùlé, wọ́n ń ṣe ìwọ̀nba tí agbára wọn ká. N ò tíì de ìdérí bátìrì yẹn padà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ wo bí ayédèrú ṣe ń rí nínú kó tó ra tiẹ̀, kó yà, màá fi hàn án.