Ẹ ṣọ́ra fún bọ́dì fílà àtúndì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra bọ́dì fílà, èyí tí a fi ń dí ojú tó jìn lára ọkọ̀ ká tó kùn ún, n'Ìbàdàn, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò bíi tèmi àti ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín dí ojú tó jìn lára ọkọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Àwọn kan ń rọ fílà ògbólógbòó sínú agolo ojúlówó, wọ́n sì ń tà á ní iye tuntun.

Agolo méjì ni mo rà lóṣù tó kọjá, fún ilẹ̀kùn Corolla funfun kan tó tẹ̀ wọnú. Mo pò ó bí mo ṣe ń pò ó láti ọdún 11 sẹ́yìn: fílà 100 gíráàmù, hádínà (èròjà pupa inú túùbù tó ń mú kí fílà le) gíráàmù 2. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í le láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Títí di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè. Mo há a kúrò, mo já agolo kejì, mo bu hádínà kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ó le lóòótọ́, mo kùn ún, oníbàárà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi gbé e padà: ojú ibẹ̀ ti sán, pupa hádínà sì ti yọ lára ọ̀dà funfun. Mo tún un ṣe lówó ara mi. Ojú tí bàbá yẹn fi wò mí ń dùn mí ju owó lọ.

Ẹni tó tà á fún mi ní n kò mọ̀ ọ́n pò ni. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ẹ wo etí ìdérí dáadáa: àpá sukurudíráfà wà lára tèmi, fílà gbígbẹ sì há sínú rẹ̀. Ẹ wo hádínà: wọ́n ti fi ẹ̀mú tẹ ìdí túùbù tèmi pa, omi ló sì kọ́kọ́ jáde. (Ti ojúlówó náà lè yọ omi díẹ̀ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ fún un dáadáa, á padà dàpọ̀.) Ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín, kí ẹ fi igi rò ó dé ìsàlẹ̀. Bó bá ṣù, ẹ má rà á. Ẹ pò díẹ̀ lórí páálí níbẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò le, ẹ gba owó yín.

Ẹni tó tà á fún mi tún ń sọ fún àwọn èèyàn pé fílà òun ń dí ihò tó lu já. Irọ́ ni. Ihò tó bá lu já, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kọ́kọ́ jó o.

Àwọn agolo náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àpá náà.