Lọ́yà ófátáìmù tó bá mi gba owó iṣẹ́ mi ní Houston, star márùn-ún

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣe home care, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó nínú ilé wọn, ní Houston, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Lọ́yà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìmígírésọ̀n, kì í sì í ṣe ti áksídẹ́ńtì tí fọ́tò wọn kún títì, owó iṣẹ́ tí ọ̀gá ò san pé ni tiẹ̀, òun nìkan ló ń ṣe. Mi ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síta, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá sí inbox mi.

Ẹ́jẹ́ńsì tí mo bá ṣiṣẹ́ á rán mi láti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíì, ọ̀sẹ̀ mìíì á lé ní wákàtí 60, iye kan náà ni wọ́n ń san lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí mo bá bi wọ́n wọ́n á ní 1099 làwọn fi gbà mí, ìyẹn ìwé owó orí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, pé kò sí ófátáìmù fún 1099. Irọ́ ni o!

Ohun tó jẹ́ kí n mú lọ́yà yìí nínú gbogbo àwọn tí mo pè ni ibi tó ti ṣiṣẹ́ wá. Kó tó di lọ́yà rárá, Wage and Hour Division ló wà, lọ́dọ̀ Department of Labor, òun ni wọ́n ń rán lọ sí kọ́ńpìnnì láti yẹ ìwé owó wò. Nígbà tó ka lọ́ọ̀ tán, àwọn kọ́ńpìnnì ló kọ́kọ́ ń gbèjà kó tó bọ́ sọ́dọ̀ àwa òṣìṣẹ́. Àwọn kan ní ẹni tó ti jẹun lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ò ṣe é finú hàn. Èmi ò gbà. Ẹni tó ti gbèjà wọn rí mọ ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí.

Ó hàn lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ jókòó. Kò jẹ́ kí n rojọ́ jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, ta ló ń yan wákàtí fún ẹ, ṣé o lè rán ẹlòmíì lọ dípò ara ẹ, text tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ẹ dà? Ó ní ohun tí wọ́n kọ sórí pépà kọ́ lòfin ń wò, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an ni. Ó ṣàlàyé pé òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1938 ló ní kí wákàtí tó bá lé lórí 40 lọ́sẹ̀ gba owó wákàtí kan àti ààbọ̀, pé ó sì ti kan àwa tí ẹ́jẹ́ńsì ń rán lọ tọ́jú arúgbó láti 2015. Kódà àkókò tí mo fi ń wakọ̀ láti ilé arúgbó kan dé ìkejì, iṣẹ́ ni, ó yẹ kí wọ́n san án! Owó ọdún 2 sẹ́yìn lèèyàn lè gbà, 3 tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, torí náà gbogbo ọ̀sẹ̀ téèyàn bá fi ń rò ó, ọ̀sẹ̀ kan ń já bọ́ lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ sì lè ní kí wọ́n san án ní ìlọ́po méjì.

Lọ́yà ẹ́jẹ́ńsì ò tíì lanu tí tèmi ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ní wọ́n máa sọ pé mò ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, text tí wọ́n fi ń jí mi lóru la fi dá wọn lóhùn. Wọ́n sanwó láì dé iwájú adájọ́, owó lọ́yà náà wà lọ́rùn wọn.

Ibi tó kù sí: kì í tètè gbé fóònù, akọ̀wé ẹ̀ lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀, ó sì máa ń dunni. Kì í gba ẹjọ́ gbogbo èèyàn náà, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé ẹbí arúgbó ló gbà á síṣẹ́ fúnra wọn, ó sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé òfin tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Dallas, lọ́yà yòówù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ bi í pé ibo ló ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹ wo orúkọ ẹ̀ lórí sáìtì State Bar of Texas, ẹ máa rí ọdún tó gba láísẹ́ńsì àti bóyá wọ́n ti bá a wí rí. Ẹ tún wò ó bóyá Texas Board of Legal Specialization fún un ní sátífíkéètì labor and employment law, ìdánwò ni wọ́n ń ṣe fún un, ẹni tí ò tíì ṣe lọ́yà tó ọdún 5 ò lè gbà á. Tèmi ní in.

Tí ẹ́jẹ́ńsì yín bá sì gbé ìwé wá báyìí pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ gba check díẹ̀, ẹ pe lọ́yà ná.