Ohun tó ń jẹ bátìrì béèsì mi: àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù atúnṣe kan ní Òkèfìà, Òṣogbo

Inú mi dùn sí ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí òun nìkan ló fi ohun tó ń pa bátìrì gìtá béèsì mi hàn mí. Preamp tó wà nínú béèsì náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn rẹ̀ ga, ń lo bátìrì 9V kan ṣoṣo. Kò sí ìgbà tí mo lù ú tán tí n kì í yọ wáyà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ bátìrì tuntun tí mo bá fi sí i ní Ọjọ́ Ìsinmi kan kì í rí Ọjọ́ Ìsinmi kejì. Nígbà tí ohùn rẹ̀ há, tó fọ́, tó sì dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín orin ìyìn tí ìjọ ṣì ń jó, mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń ta ohun èlò orin. Kò tilẹ̀ ṣí i wò. Bátìrì olówó gọbọi ló ní kí n lọ rà. Ìmọ̀ràn yẹn bí mi nínú gidigidi.

Ọ̀gá ti Òkèfìà kò mẹ́nu ba bátìrì. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Bọ̀ọ̀dá, ta ló ti tú ihò tí wáyà ń wọ̀ yìí rí?” Mo sọ fún un pé ẹni tó tà á fún mi ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó tà á. Ó ṣí ẹ̀yìn béèsì, ó já ojú kan bátìrì kúrò lára ìdè rẹ̀, ó fi mítà sáàárín méjèèjì, ó sì ní kí n sún mọ́ ọn. Kò sí wáyà kankan lẹ́nu béèsì, ṣùgbọ́n mítà ń ka 3 mA, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn jáde nínú bátìrì. Ó ṣàlàyé pé ihò yẹn gan-an ni ó ń tan preamp tó sì ń pa á: ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ẹsẹ̀ àárín ló yẹ kí wáyà dúdú bátìrì wà, kí irin ẹnu wáyà tí a bá kì bọ̀ ọ́ so ẹsẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ (ground), níbi tí iná ń gbà padà. Ẹni tó pààrọ̀ tèmi ti fi òjé jó wáyà dúdú náà mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀ tààrà, nítorí náà preamp kì í kú tọ̀sán-tòru. Bátìrì alkaline 9V máa ń ní nǹkan bí 500 mAh, ìyẹn ni pé ó lè gbé 1 mA fún nǹkan bí wákàtí 500. Bí 3 mA bá ń lọ láìdúró, kò ní ju wákàtí 167 lọ, èyí tí kò pé ọjọ́ 7. Ó fi irin gbígbóná gbé wáyà náà lọ sí ẹsẹ̀ àárín, mítà sì balẹ̀ sí 0.00. Ó kì wáyà bọ̀ ọ́, ó di 3. Ó yọ ọ́, ó padà sí òdo. Ó ní kí èmi náà gbìyànjú rẹ̀, mo sì ṣe é títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fi í sílẹ̀ kí òun fọ àwọn ibi tí a fi ń yí ohùn, tó ń han ṣààṣàà, kí n wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kejì kò dé mọ́. Bí mo bá pe fóònù, wọn kì í gbé e. Nígbà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ gbé e níkẹyìn, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ, kò kí mi. Ohun tó sọ ni, “Wá lọ́la, ọ̀gá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù,” bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dúnàádúrà. Nígbà tí mo padà rí béèsì mi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà láìsí nínú àpò rẹ̀, eruku ti bo ọrùn rẹ̀, sukúrù kan kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, téèpù dúdú ni wọ́n fi lẹ ìdérí náà. Mo bi ọmọ náà léèrè sukúrù. Ó ní, “A máa bá yín wá a, sà,” ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Ọ̀gá tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò bá ọmọ náà wí lójú mi, ìyẹn sì dùn mí ju sukúrù lọ.

₦7,000 ni wọ́n gbà, kò wọ́n. Bátìrì tí mo fi sí i nígbà náà ni mo ṣì ń lò títí di òní, ohùn kò sì há rí.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí ọ̀gá ṣe sí bátìrì yẹn, márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bí ẹ bá máa gbé tiyín lọ, ẹ dúró tì í títí wọn yóò fi ṣe é tán, kí ẹ sì ka sukúrù rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.