Windows 11 lórí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́

Nítòsí géètì EKSU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi: Core i5-6300U, RAM 8GB. Ìran kẹfà ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) Intel nìyẹn, bẹ́ẹ̀ láti ìran kẹjọ lọ sókè ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí Microsoft gbà fún Windows 11. Nígbà tí wọ́n ní àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 parí ní 14 oṣù kẹwàá 2025, mo ti fẹ́ tà á.

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkèṣà ló dá mi dúró. "Mà, ẹ má tà á o. Fúláàṣì la máa fi gbé Windows 11 wọlé." Rufus, ètò ọ̀fẹ́ tó ń gbé Windows sórí fúláàṣì, ló lò, ó sàmì síbì kan nínú rẹ̀, Windows ò sì béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot mọ́, ìyẹn àwọn ohun ààbò tó máa ń wò kó tó wọlé. Ó ní kí n kọ́kọ́ kó fáìlì mi síbòmíràn. Mo kó Documents, mo jókòó. Ó kù díẹ̀ kó tẹ bọ́tìnì tó máa nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ni mo rántí pé Desktop ni pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan tó fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kejì wà. Mo fò dìde! Òógùn bò mí nínú fáànù.

Windows 11 náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀. SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára ju háàdì dísìkì lọ, ló ń gbé e sáré, ẹ má tan ara yín. Lórí háàdì dísìkì àtijọ́, ẹ ó sùn kó tó ṣí. Word àti príńtà ò yọ mí lẹ́nu. Àmọ́ tí mo bá ṣí Chrome tó ju ojú ewé mẹ́wàá lọ, fáànù rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta.

Àtúnṣe ààbò oṣooṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí rẹ̀ fún irú ẹ̀rọ báyìí. Ẹ̀dà tuntun tó ń jáde lọ́dọọdún, bíi 25H2 ti ọdún 2025, kì í wá fúnra rẹ̀. Fúláàṣì ni mo tún máa wá kiri, pẹ̀lú dátà tó lé ní 5GB. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kọ̀ǹpútà Core 2 Duo, èyí tó tún dàgbà ju tèmi lọ, tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Rufus ò rí tiẹ̀ ṣe. Láti ẹ̀dà 24H2 ti ọdún 2024, Windows ń pe àṣẹ kan tó ń jẹ́ POPCNT, CPU yẹn ò sì ní in rárá. Ọmọ Òkèṣà ní òun á gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, sí i ní Sátidé. Mo ti nu eruku orí rẹ̀ dè é.